Igbá Oyin Tí A Kì í Fọ̀

Láti ìgbà tí Ẹlẹ́dàá ti to ayé jọ bí ẹni tó ń to ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó dá wúwo fún ara rẹ̀ nìkan. Bí a bá gbé ọ̀kan kúrò, èkejì a yẹ̀. Bí èkejì bá yẹ̀, gbogbo ọkọ̀ a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkun ní ààyè tirẹ̀, ilẹ̀ ní ààlà tirẹ̀. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọba tí gbogbo ojú ń wò sì ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa fi èéfín ẹ̀rọ mú ojú ọ̀run gbóná, wọ́n rò pé ojú ọ̀run nìkan ni yóò gbóná. Òkun jáde kúrò ní ààyè rẹ̀, ó gbé àwọn ìlú etíkun mì láìjẹ wọn lẹ́nu. Ooru lé oyin kúrò nínú igbó. Ọmọ bíbí di ohun tí a ń fi ọdún gígùn retí. Àwọn àrùn tí oògùn àtijọ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ sì gbé orí sókè, wọ́n wo oògùn náà lójú, wọ́n rí i pé kò lágbára mọ́. Nínú ètò ńlá yìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ní ìlú Orí-Àpáta kéré ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà ni a fẹ́ rò, nítorí pé inú ohun kékeré ni ètò ńlá máa ń gbà wọ ilé ẹni.

"Ìsàlẹ̀-Àgbàrá ni, Dókítà," Imú-Ìlú wí. "Omi ìdọ̀tí gbogbo ilé ni mo gbóòórùn láàárọ̀ yìí. Kò sí ibi tí àrùn Aláǹtakùn ti pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtàǹpàkò yín sí ibi tó ń tàn yìí, kí n lè ti ibẹ̀ pa."

Ẹ̀rọ ni Imú-Ìlú. Ohùn àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni àwọn tó ṣe é fún un, kí ará ìlú lè máa bọ̀wọ̀ fún un. Páìpù wọ abẹ́ gbogbo ilé tó wà lórí àpáta náà. Omi tí ènìyàn fi fọ ẹnu, èyí tó fi wẹ̀ àti èyí tó tọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ṣàn kọjá níwájú ihò imú rẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì. Bí ènìyàn kan bá ṣàìsàn lóru, kí ó tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Imú-Ìlú ti mọ̀.

Dókítà Tiwalọlá kò na àtàǹpàkò. Òun ni olùwádìí àjàkálẹ̀ àrùn fún Orí-Àpáta, iṣẹ́ náà ló sì ṣe tí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó jókòó síwájú ojú dígí ẹ̀rọ náà, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà.

"Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká lọ wá nǹkan fi sẹ́nu," Fádípẹ̀ wí. Fádípẹ̀ ni olùtọ́jú ẹ̀rọ náà, ọkùnrin ọlọ́yàyà tó tóbi níkùn, tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan pẹ́ títí di àsìkò oúnjẹ. "Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Èmi kò ní ó purọ́. Imú ni. Imú a máa mọ ibi tí òórùn ti pọ̀, kì í mọ ẹni tó fi ẹran sílẹ̀ kí ó rà."

"Èwo wá ni ti ẹran nínú èyí? Ìsàlẹ̀-Àgbàrá ni ó wí. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀."

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí omi wọn?"

Fádípẹ̀ wo ilẹ̀. Ó mọ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀. Àdúgbò tí a bá tì pa, ẹnu ibodè rẹ̀ a pa dé, ẹnu ẹ̀rọ omi rẹ̀ a sì pa dé pẹ̀lú, kí omi ìdọ̀tí rẹ̀ má baà ṣàn lọ bá àwọn ìlú tó wà nísàlẹ̀. Àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì wà yìí, nígbà tí àpáta pàápàá ń fọ́ nítorí ooru.

"Bí ẹ bá sì takò ó," Fádípẹ̀ wí jẹ́ẹ́, "ẹ mọ òfin."

"Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òfin náà."

Òfin ọ̀hún kò gùn. Láyé ìgbà kan, àwọn ọ̀mọ̀wé a máa jókòó sínú yàrá tútù ní ọ̀nà jíjìn, wọn a fi ìka kan ti odindi ìlú pa, wọn a sì lọ sùn. Ìlú mìíràn wà tó jẹ́ pé egungun ni wọ́n bá nígbà tí wọ́n ṣí i. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe là á sílẹ̀ pé ọmọ ènìyàn tó bá dárúkọ ilé tí a ó tì, inú ilé náà ni kí ó wọ̀, kí a ti òun náà mọ́ ibẹ̀. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ dé, kò ní ara tí a lè tì mọ́lé, òfin náà kò sì mú un. Báyìí ni ó ṣe di pé fífi ara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò ná ènìyàn ní nǹkan kan, títakò ó ni ó ń náni ní ara ẹni.

"Òfin fún mi láyè títí oòrùn yóò fi wọ̀," Tiwalọlá wí, ó sì dìde.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà," Imú-Ìlú dáhùn. "Mo ń retí yín."

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò tíì ní orúkọ. Aláǹtakùn ni àwọn ará ìlú ń pe àrùn náà, nítorí pé bí a bá la ẹnu ẹni tó mú, a ó rí ohun kan tó hun bí òwú eérú ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí yóò máa nípọn títí èémí kò fi ní ríbi kọjá. Tiwalọlá ti bi gbogbo aláìsàn ní ìbéèrè kan náà: Kí lẹ jẹ, kí lẹ mu, níta ilé yín? Gbogbo wọn ló dáhùn pé kò sí. Ó sì ti bi àwọn tí ara wọn le pẹ̀lú, nítorí ó máa ń wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé bí aláìsàn nìkan la bá bi léèrè, a kò tíì béèrè nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ló ṣàjèjì níbẹ̀: àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn tí àrùn gbogbo máa ń kọ́kọ́ gbé lọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Aláǹtakùn mú. Ó ti yí ọ̀rọ̀ yìí lọ yí i bọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kò rí ibi dì í mú.

Ó ń wọ ọkọ̀ orí wáyà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rìnfọlámí ọmọ rẹ̀ ni.

"Màámi, ẹ má mà gbàgbé o! Ọ̀la ni ọjọ́ kẹjọ. Àna yín ti ń pariwo pé ìyá ìyàwó tó bá pẹ́ dé, ìdí àwo ni yóò lá."

"Sọ fún un pé ìyá ìyàwó yóò dé kí òun tó jí." Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó ń sunkún bí ẹni tó fẹ́ ra ìlú. Ẹ gbọ́ ọ!"

Ó gbọ́ ọ. Ọdún gbọọrọ ni Ẹ̀rìn fi wojú Ọlọ́run kí ohùn yẹn tó dé. Tiwalọlá di ẹ̀gbà ọwọ́ náà mọ́ etí títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Ìsàlẹ̀-Àgbàrá ni ibi tí Orí-Àpáta fún àwọn Ará-Omi, àwọn tí òkun lé kúrò ní ilẹ̀ baba wọn. Pákó àti páànù ni ilé wọn, ọ̀gbàrá gbogbo òkè sì ń gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Ohun kan ni wọ́n ní tí ará òkè kò ní: ọmọ. Kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ẹja ni, àwọn mìíràn ní Ọlọ́run ló ń fi ìyẹn ṣìpẹ̀ fún wọn.

Orímisàn, obìnrin tó ń yan ẹja ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò náà, rí i lókèèrè, kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Ṣé ẹ ti wá tì wá pa ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Omi ẹ̀rọ ni. Láti àárọ̀ ló ti ń ro tó, tó, tó. Bí ẹ̀yin ará òkè bá fẹ́ bínú, omi ni ẹ kọ́kọ́ máa ń sọ fún."

"N kò tíì bínú. Ọmọ rẹ ni mo wá wò."

Orímisàn nu ọwọ́ sára ìró, ó ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Ìkarùn-ún, Ọmọ́yẹlé, ló wà lórí ẹní, ọrùn rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń hó. Tiwalọlá tan iná sí i lẹ́nu, ó rí òwú eérú náà ní ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀fun. Kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Kí ló jẹ níta?"

"Níta ibo? Ta ni yóò fún ọmọ Ará-Omi lóúnjẹ? Lókè lọ́hùn-ún, ìjókòó yín pàápàá kì í kàn wá."

"Kí ló mu?"

"Omi ilé. Èyí tí ẹ fẹ́ tì yẹn."

"Kò sí ohun mìíràn tó kàn án lẹ́nu?"

"Àfi àdúrà."

Tiwalọlá gbé ojú sókè. "Àdúrà wo ló ń kanni lẹ́nu?"

"Ẹ wo ẹni tó ń bi mí!" Orímisàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Àdúrà yín ni. Àwọn ìyàwó òkè tó ń wá ọmọ kì í jẹ ẹja mi, wọ́n ní ó ń rùn. Ṣùgbọ́n wọn a máa bo igbá oyin lábẹ́ aṣọ, wọn a gbé e wá bá àwọn ọmọ mi. 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu kàn án, kí ire ọmọ ràn wá.' Èmi kò kọ̀. Ta ni í kọ àdúrà?"

Ẹni tó bá mọ Orí-Àpáta yóò mọ igbá náà. Láti ìgbà tí oyin ti ṣọ̀wọ́n, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní igbá oyin kan fún ìsọmọlórúkọ. Ilé tó bá sọmọ lórúkọ, gbogbo èrò a bá ọmọ mu níbẹ̀, láti ẹnu dé ẹnu, wọn a wá fi omi là á, wọn a fi oyin díẹ̀ kún un bí ó bá wà, wọn a sì gbé e fún ilé tí ọmọ tún ń bọ̀. A kì í dà á nù. A kì í fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fọ igbá ọmọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fọ ire ìlú dànù.

Tiwalọlá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó ti ń bi gbogbo ìlú: Tiwalọlá, kí lo jẹ, kí lo mu, níta ilé rẹ? Ọkàn rẹ̀ sì dáhùn láìronú pé, kò sí. Bẹ́ẹ̀ ó ti mu nínú igbá àdúgbò tirẹ̀ lọ́dún yìí kí àrùn tó dé, ó tilẹ̀ ti ṣe àmín lé e lórí. Kò sí ẹni tó parọ́ fún un. Lójú ará Orí-Àpáta, ohun tí a bá tọ́ wò nídìí ọmọ tuntun kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ohun mímu, ire ni. Ta ni í ka ire mọ́ ohun tó jẹ? Òun náà, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, ọmọ ìlú ni, ẹnu ọmọ ìlú ló sì fi gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ nìkan ni kì í mu ún, nítorí oyin léèwọ̀ fún wọn. Iwájú orí ni wọ́n máa ń fi í kàn.

"Èwo nínú àwọn ọmọ rẹ ni kò mu níbẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Àkọ́bí mi. Ó wà nídìí adágún ẹja lọ́jọ́ náà."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó le bí òkúta. Orí ẹní kan náà ni òun àti èyí ń sùn."

"Kí igbá náà tó dé, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀fun dídùn níhìn-ín?"

"Rárá o. Ẹ̀yin lẹ ti ń sin òkú lókè nígbà yẹn. A gbọ́ ẹkún yín."

Ọ̀rọ̀ náà ti so kọ́. Òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀, inú igbá ni ó bá sọ̀ kalẹ̀; nítorí pé ọmọdé pọ̀ nísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Tiwalọlá ì bá yọ̀, nítorí irú ìṣẹ́jú báyìí ni olùwádìí fi ń gbàgbé ọdún tó fi ṣòfò. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì kù, ó sì bẹ̀rù rẹ̀ kí ó tó bi í.

"Ibo ni ẹni tó gbé e wá kẹ́yìn ní òun ń gbé e lọ?"

"Ó ní ìyàwó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lókè, lẹ́yìn ìrètí pípẹ́. Ọ̀la ni wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ."

Oòrùn ti yẹ̀ ní àtàrí nígbà tó dé ilé ọmọ rẹ̀. Ìyá Láṣebìkan, ìyá ọkọ Ẹ̀rìn, ló pàdé rẹ̀ ní àgbàlá, ó ń to àga, ó ń kọrin.

"Ìyá ìyàwó! Ẹ ti gbọ́ òórùn oúnjẹ kí iná tó ràn? Ẹ kọ́kọ́ wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ o, ẹ má kó àìsàn àwọn ènìyàn yín wọ ilé ọlọ́mọ."

"Àna mi, igbá oyin náà dà?"

"Ó wà nínú yàrá níbẹ̀, lábẹ́ aṣọ funfun. Ọ̀kánjúwà kọ́ ni yìí bí?"

"Ta ló ti fẹnu kàn án nínú ilé yìí?"

Ìyá Láṣebìkan wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín kú ní ẹnu rẹ̀. "Èmi ti tọ́ ọ wò. Láṣebìkan náà." Ó sọ àga ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ náà ń ké ṣáá lánàá. Mo fi ìka ra díẹ̀ sí i létè, kí ayé lè dùn mọ́ ọn. Kí ló dé?"

Tiwalọlá di òpó ilé mú. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun gbogbo fún wọn, fún ìyá ọkọ àti fún Ẹ̀rìn tó jáde wá pẹ̀lú ọmọ ní àyà, láìfi ọ̀kan pamọ́, bí ó ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn àjèjì.

Ìyá Láṣebìkan wo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú ìró.

"Ẹ wò ó ní ẹnu," Ẹ̀rìn wí.

Ó wò ó. Ètè ọmọ náà mọ́, ọ̀fun rẹ̀ pupa díẹ̀. Ó lè jẹ́ igbe. Ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Oògùn kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń bá Aláǹtakùn jà: omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lára àwọn tí àrùn náà ti mú rí, tí wọ́n sì yè. Kò pọ̀. Àpótí rẹ̀ kì í sì í ṣí ní ọjọ́ kan kí ìdájọ́ ọjọ́ náà tó parí. Bí ó bá ṣí, àwọn tí kò sí nínú àtìpa ló máa ń kọ́kọ́ kàn. Tiwalọlá tẹ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀.

"Fádípẹ̀, ìgò mélòó ló kù?"

"Kò tó nǹkan, ìyá. Ta ló fẹ́ ẹ?"

"Ọmọ tuntun kan."

Fádípẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. "Ìyá, mo ti gbé ìgò kan sí ọ̀tọ̀. Ẹ tẹ àtàǹpàkò lórí Ìsàlẹ̀-Àgbàrá, èmi fúnra mi ni n óò gbé e sáré wá. Bí ẹ bá dárúkọ ilé mìíràn… ìyá, ọwọ́ mi kì í dé inú ilé tí a tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n rí irú rẹ̀."

Tiwalọlá pa ẹ̀gbà ọwọ́ náà. Ẹ̀rìn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Màámi, ẹ fọ́ igbá náà," ó wí. Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, ohùn ẹni tó ti rò ó já. "Ẹ fọ́ ọ nísinsìnyí, ẹ sun ún. Àrùn yóò tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ ohun tí ẹ̀rọ ní kí ẹ tẹ̀. Gbogbo ènìyàn yóò ní ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ìsàlẹ̀-Àgbàrá yóò mọ̀."

"Wọn yóò ṣe sùúrù. Wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

"A kì í ṣe sùúrù pẹ̀lú òùngbẹ, Ẹ̀rìn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó bí ọmọ mẹ́fà…"

"Mẹ́fà ni tirẹ̀!" Ẹ̀rìn kígbe. "Mẹ́fà! Ọ̀kan ni tèmi."

Tiwalọlá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì mọ̀ dájú pé bí ó bá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí yóò bú u. Wọn yóò tilẹ̀ yìn ín. Ohun tó burú jù lọ nìyẹn: pé ọ̀nà náà tẹ́jú, ibòji sì wà níbẹ̀.

"Ẹ̀rìn, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ ibi tí nǹkan ti wá. Mo máa ń wọ ilé onílé, mo máa ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé ilé rẹ̀ ni. Wọ́n ti ṣépè fún mi, wọ́n ti da omi lé mi lórí. Mo sọ ọ́ síbẹ̀. Bí ó bá wá kan ilé tèmi, tí mo ní ilé ẹlòmíràn ni… N kò mọ bí n óò ṣe parí rẹ̀."

"Ẹ má parí rẹ̀. Ẹ ṣáà gba ọmọ mi là."

Ìyá Láṣebìkan ló gbé ohùn sókè láti ibi tó jókòó sí. "Ìyá Ẹ̀rìn, ẹ gbọ́. Èmi ni mo fi ìka mi ra á sí i létè. Bí ẹ bá ní Ará-Omi ni, èmi kò ní sọ nǹkan kan títí n óò fi kú. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé nítorí tèmi ni ẹ ṣe é o. Mo bẹ̀ yín."

Oòrùn ti ń fi ẹ̀yìn ti àpáta. Nínú àgbàlá, àwọn àga tí wọ́n tò kalẹ̀ wà lófìfo, òjìji wọn gùn. Tiwalọlá wọ inú yàrá, ó gbé igbá náà jáde pẹ̀lú aṣọ tó bò ó, ó kó o sínú ike, ó dé e pinpin. Ó la ojú ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò lé e.

"Mo tako ọ̀rọ̀ rẹ, Imú-Ìlú. Igbá oyin ìsọmọlórúkọ ló ń gbé Aláǹtakùn kiri. Kí wọ́n kó ti gbogbo àdúgbò jọ, kí wọ́n sì sun wọ́n. Kí a má ti Ìsàlẹ̀-Àgbàrá. Ilé tí igbá náà wà lónìí ni kí a tì."

"Mo gbọ́, Dókítà. Ilé ta ni?"

"Ilé ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀wọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹ wọ inú ilé náà."

"Inú rẹ̀ ni mo wà."

Irin ẹnu ọ̀nà àgbàlá náà gbéra láti inú ilẹ̀, ó gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó sì kan òrùlé. Láṣebìkan, tó ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ìsọmọlórúkọ lórí, dé bá a bẹ́ẹ̀. Òun náà ti tọ́ oyin wò, nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣí i ní ìwọ̀nba tí ara rẹ̀ lè gbà, wọ́n sì tún tì í. Ẹ̀rìn gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn nìyí.

Wọn kò ti Ìsàlẹ̀-Àgbàrá. Omi wọn ń ṣàn títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Wọ́n kó igbá gbogbo àdúgbò jọ sórí àpáta, wọ́n sun wọ́n, àwọn àgbà obìnrin sì sunkún níbẹ̀ bí ẹni tó ń sin òkú. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Aláǹtakùn ti kúrò ní Orí-Àpáta.

Nínú ilé tí a tì, wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ pẹ̀lú omi lásán nínú ife tí wọ́n sè. Ṣèyífúnmi ni wọ́n pè é. Àrùn náà mú un, ó sì mú ìyá bàbá rẹ̀. Oògùn kò tíì kan ilé tí a tì nígbà tí Ṣèyífúnmi kú. Ìyá Láṣebìkan yè. Wọ́n fa omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún oògùn, ó sì ní kí wọ́n fà á títí wọn kò fi ní rí i fà mọ́. Lára àwọn tó gbà á ni Ọmọ́yẹlé, ọmọ Orímisàn. Ọmọ náà gbádùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò là mọ́.

Fádípẹ̀ ṣì ń tọ́jú Imú-Ìlú. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé ìgò tí òun gbé sí ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ olórí ìgbìmọ̀ ni wọ́n fún, kò sì sí Aláǹtakùn lára ọmọ ọ̀hún.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ìlú ṣí àwọn Ará-Omi nípò lọ sí àfonífojì lọ́hùn-ún. Wọ́n ní nítorí ọ̀gbàrá ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ti dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan, ìlú kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Orímisàn di ẹrù rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, kò sì wá kí ẹnikẹ́ni lókè pé ó dìgbà.

Láṣebìkan àti Ẹ̀rìn kò dúró ní Orí-Àpáta. Wọ́n ń gbé ní ìlú mìíràn lórí òkè tó jìnnà, wọn kò sì tíì bí òmíràn. Láṣebìkan máa ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ẹ̀rìn kì í ránṣẹ́ sí tirẹ̀.

Dókítà Tiwalọlá padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀, òun ló ń lọ láti ilé dé ilé, Ìyá Láṣebìkan sì ni ó máa ń bá a rìn, nítorí pé àwọn ìyá ọlọ́mọ kò fẹ́ rí Dókítà nìkan lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú ilé kan báyìí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.